Wọ́n ya máàpù àdúgbò wa láìbi wá: ǹjẹ́ àwa náà lè ya tiwa?

Akọ̀wéÀdúgbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbàdàn ni mò ń gbé, lẹ́bàá odò Ògbèrè, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan gbé drone wọ àdúgbò, wọ́n gbé e fò, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi gbé ọ̀dà pupa dé, wọ́n ń kọ àmì sára ilé. Wọ́n ní máàpù ló fi hàn pé ojú ọ̀nà omi ni àwọn ilé náà wà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé lára àwọn ilé tí wọ́n kọ àmì sí, a rí èyí tí omi ò dé rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Àwọn tí omi ń wọ̀ lọ́dọọdún sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. A ní kí wọ́n jẹ́ ká rí máàpù ọ̀hún, wọ́n ní inú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ló wà.

Kì í ṣe pé mò ń bá ìjọba jà. Òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ṣojú mi. Èèyàn tó bá omi náà lọ ní Ìbàdàn lé ní 100. Kò sí ẹni tó rí ọjọ́ yẹn tí yóò sọ pé kí a fi odò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Mo gbọ́ pé GIS, ètò kọ̀ǹpútà tó wà fún máàpù, ni wọ́n fi ń ṣe irú máàpù yìí, pé ará ìlú náà sì lè lò ó. Ṣé òótọ́ ni? Báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Bí a bá sì ṣe é tán, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ wa?

Sọ̀fíyọ̀_Ifẹ̀

Akọ̀wé, ẹ kú làálàá. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀ ni mò ń ṣe, ilé ẹ̀kọ́ tó wà fún un ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1972, tí wọ́n ń pè ní RECTAS tẹ́lẹ̀, AFRIGIST nísinsìnyí, ni mo ti kọ́ apá kan rẹ̀.

Ẹ má wo GIS bí àwòrán. Àkójọ ìpele ni. Odò wà lórí ìpele kan, ilé lórí òmíràn, ọ̀nà lórí òmíràn, gíga ilẹ̀ lórí òmíràn. Kọ̀ǹpútà á tò wọ́n léra, a ó wá bi í pé: ilé wo ló sún mọ́ odò tó báyìí, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì relẹ̀ tó báyìí? Ìdáhùn rẹ̀ kò lè sàn ju ohun tí a kó sínú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni pé kí ni wọ́n kó sí i.

Ohun méjì ni mo fura sí. Ọ̀pọ̀ máàpù ìkún omi tí wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ wa, gíga ilẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi rédà wọ̀n láti òfurufú ní oṣù Kejì ọdún 2000 ni wọ́n gbé e lé. SRTM ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì wúlò púpọ̀ fún agbègbè ńlá. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ní fún ilẹ̀ tó gùn ní 30 mítà tó sì fẹ̀ ní 30 mítà. Ní Ìbàdàn, ilé mẹ́ta, fẹ́ǹsì, gọ́tà àti gegele kan lè wà láàárín ìyẹn, kò sì ní í mọ ọ̀kankan yàtọ̀. Ojú afárá kékeré tí pàǹtí ti dí, tí omi fi ń yà bá ilé onílé, kò lè rí i láéláé. Bó bá jẹ́ pé ohun tí drone yà ni wọ́n lò, ó yẹ kó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ béèrè.

Èkejì: pláànù ilẹ̀ àtijọ́ ní Nàìjíríà, orí ìwọ̀n tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà ní ìlú Minna ni wọ́n gbé wọn kà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ipò ilẹ̀. Fóònù, GPS àti fọ́tò sátẹ́láìtì ń lo ìwọ̀n mìíràn tí gbogbo ayé ń lò, WGS84. Bí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bá gbé pláànù Minna lé fọ́tò sátẹ́láìtì láìkọ́kọ́ yí i padà, gbogbo ilé inú pláànù náà á sún kúrò láyè wọn ní nǹkan bí 100 mítà. Létí odò, 100 mítà tó láti mú ilé orí òkè bọ́ sínú omi. Mo ti rí irú rẹ̀ lójú mi. Bí àwọn ilé tí wọ́n fi ọ̀dà kọ bá jọ pé gbogbo wọn sún sí apá kan náà, ẹ wò ó dáadáa.

Ìyá_Ọlọ́jà_Bẹẹrẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọpọlọ. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Mo ti wà nílé ọkọ nígbà tí Ògùnpa ya lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Òkú sùn lọ ní ìgboro Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ ojú ọ̀nà Ògùnpa, kó wá bi àwa tí a wà níbẹ̀. A mọ ògiri tí àmì omi ṣì wà lára rẹ̀. A mọ ibi tí odò máa ń kọ́kọ́ yọ kí ó tó dé ojú títì, nítorí ibẹ̀ la ti ń sáré kó ẹrù wa. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbé nǹkan tó ń fò wá sí àdúgbò Akọ̀wé, ìyá àgbà mélòó ni wọ́n bá sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè mi ni pé bí a bá sọ ohun tí a mọ̀, ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà yín ní ibi tí wọ́n lè kọ ọ́ sí? Tàbí nọ́ńbà nìkan ló ń gbà?

Sọ̀fíyọ̀_Ifẹ̀

Ìyá, ẹ ṣeun gan-an ni. Ó ní i. Ọ̀rọ̀ yín náà jẹ́ ìpele kan gẹ́gẹ́ bí odò ṣe jẹ́ ìpele. Bí ẹ bá dúró níwájú ògiri náà, tí ọmọ kan fi fóònù mú ibi tí ẹ dúró sí, tó kọ ọ́ pé "1980, omi dé àyà àgbàlagbà", tó sì ya fọ́tò àmì náà, ó di ẹ̀rí tí a lè gbé lé orí máàpù ìjọba láti wò ó bóyá wọ́n bára mu. Bí ogún irú rẹ̀ bá tako máàpù, máàpù ló máa ṣe àlàyé.

Ọmọ_Mákòókó

Ẹ jẹ́ kí n bá Akọ̀wé sọ òótọ́ kí inú rẹ̀ má baà dùn jù.

Mákòókó tí wọ́n bí mi sí, fún ọdún pípẹ́, tí ẹ bá ṣí máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí àlàfo. Àwọn Ègùn, Ìlàjẹ àti Yorùbá mìíràn kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ilé-ìwé wà, ọjà ẹja wà, ọ̀nà omi tí a fi ń tukọ̀ ní orúkọ. Lójú máàpù, omi lásán. Àní iye èèyàn tó wà níbẹ̀, ẹnìkan á ní 40,000, ẹlòmíràn á ní 300,000. Ní 2019, Code for Africa àti ẹgbẹ́ Humanitarian OpenStreetMap wá, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ní bí wọ́n ṣe ń gbé drone fò, àwọn ará wa fúnra wọn sì fi ilé, ọ̀nà omi àti ilé ìwòsàn sórí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi nǹkan kún. Lónìí ẹ lè ṣí i, ẹ ó rí wa. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré fún ọmọ tó ti dàgbà sí ibi tí wọ́n sọ pé kò sí.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé oṣù Keje ọdún 2012 ni wọ́n wó apá kan Mákòókó. Láti oṣù Kọkànlá 2016 títí di oṣù Kẹrin 2017 ni wọ́n lé àwọn ará Òtòdo Gbàmé, àdúgbò etí omi mìíràn ní Èkó, kúrò, nǹkan bí 30,000 èèyàn. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó ní oṣù Kẹfà 2017 sọ pé irú ìléjáde bẹ́ẹ̀ tako òfin, ilé ti wó tán nígbà náà. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé máàpù nìkan á dáàbò bò wá. Máàpù tó fi hàn pé a wà níbẹ̀ náà ló lè fi ibi tí katapílà máa gbà wọlé hàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ jókòó kí ẹ pinnu ohun tí ẹ kò ní í gbé síta. Gọ́tà, kànga, ilé-ìwé, ibi tí omi dé: ẹ gbé e síta. Orúkọ onílé, ẹni tó níwèé àti ẹni tí kò níwèé: ẹ fi í sọ́dọ̀ ara yín.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ọ̀rọ̀ ọmọ Mákòókó yìí ká mi lára. Nígbà iṣẹ́ àtilé rọpárọsẹ̀ (polio) lọ, máàpù tí wọ́n fọwọ́ yà ni àwọn tó ń fún ọmọdé ní àjẹsára lápá Òkè Ọya ń lò níbẹ̀rẹ̀. Abúlé tí kò sí lórí bébà, ẹnikẹ́ni ò lọ síbẹ̀. Fọ́tò sátẹ́láìtì ló jẹ́ kí wọ́n rí òrùlé àwọn abúlé tó sọnù, àfi kí ẹnìkan tún fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti béèrè orúkọ ìlú náà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé fáírọ́ọ̀sì rọpárọsẹ̀ àdánidá (wild polio) kò sí ní Áfíríkà mọ́. Ojú ọ̀run àti ẹnu èèyàn ló jọ ṣe é.

Ètò_Ìlú_Fẹ̀yìntì

Mo ti ka gbogbo yín. Iṣẹ́ ètò ìlú ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì ní ohun tí inú ẹlòmíràn ò ní í dùn sí.

Ilé tó bá dí ojú omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ onílé nìkan. Omi tí kò bá rí ọ̀nà gba ibẹ̀ á padà lọ sí ilé ẹni tó wà lókè odò, ẹni yẹn sì lè má mọ ẹni tó ṣe é sí òun. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí á fi àlàfo sílẹ̀ létí odò. Mo ti jókòó nínú ìpàdé tí gbogbo àdúgbò ti búra pé omi ò dé ọ̀dọ̀ wọn rí, tí àmì ẹrẹ̀ sì wà lára ògiri tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ìbẹ̀rù ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n máàpù tí a bá fi ìbẹ̀rù yà máa pa èèyàn nígbà òjò.

Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi: ẹgbẹ́ onílé kì í ṣe àdúgbò. Ayálégbé ń kọ́? Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu gọ́tà ń kọ́? Ní ọ̀pọ̀ ilé létí odò, onílé ti kó lọ sí ibi tó sàn, ayálégbé ló ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ tí omi ń wọ̀. Bí ẹ̀yin onílé nìkan bá ya máàpù, ohun tí ẹ ń fi sùn ìjọba gan-an ni ẹ ó ṣe fún àwọn ayálégbé yín.

Níti ìjọba, mi ò gbè wọ́n. Òfin ètò ìlú ti 1992 fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n gbé àbá pláànù síta kí ará ìlú wò ó, kí wọ́n sọ tẹnu wọn kí ó tó di pláànù. Ohun tí a sábà ń ṣe ni pé ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí la máa ń pe ọba, báálẹ̀ àti àwọn olóyè, a ó fi àwòrán hàn wọ́n lára ògiri, a ó ní wọ́n ti kópa. Ìkópa tó bá dé lẹ́yìn ìpinnu, ìfitónilétí ni. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bi àdúgbò Akọ̀wé ni ọjọ́ tí drone kọ́kọ́ fò, kí ọ̀dà tó dé.

Akọ̀wéÀdúgbò

Ẹ̀yin àgbà, mo gba ọ̀rọ̀ yín. Ti ayálégbé yẹn wọ̀ mí lára, nítorí òótọ́ ni pé ìpàdé wa, onílé nìkan ló ń jókòó níbẹ̀. Màá gbé e síwájú alága. Àwọn kan á bínú, wọ́n á ní ayálégbé lè kó lọ lọ́la. Èsì mi ni pé òní ni omi ń wọlé tọ̀ wọ́n.

Ìbéèrè tó kù: ìjọba ti náwó sórí ọ̀rọ̀ yìí ní Ìbàdàn, àbí? Ṣé kò yẹ kí máàpù kan ti wà níta?

Lọ́yà_Àdéọlá

Ó yẹ. Lẹ́yìn omíyalé 2011, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 fún iṣẹ́ ìkápá ìkún omi ní Ìbàdàn. Pláànù ìlú àti pláànù ojú ọ̀nà omi wà lára ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe. Owó ará ìlú ni wọ́n máa fi san án padà. Ẹ kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011, ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti dáhùn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti parí àríyànjiyàn yẹn ní oṣù Kẹrin 2025: ó kan gbogbo ìpínlẹ̀.

Ẹ má kọ "ẹ fún wa ní máàpù". Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní pàtó: fáìlì ojú ọ̀nà omi, ibi tí wọ́n ti rí gíga ilẹ̀, ọdún tí wọ́n wọ̀n ọ́n, àti ìwọ̀n tí wọ́n lò, Minna tàbí WGS84, bí Sọ̀fíyọ̀ ṣe sọ. Lẹ́tà tó bá mọ ohun tó ń béèrè kì í ṣe é fi ọ̀rọ̀ gbogbogbòò dáhùn.

Ará_Dar

Iṣẹ́ gbé mi gbé ní Dar es Salaam, Tàǹsáníà, mo sì rí ohun tí Akọ̀wé ń béèrè tí wọ́n ń ṣe é. Ramani Huria ni orúkọ rẹ̀, 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìlú yẹn dà bí Ìbàdàn: òjò kan ṣoṣo, odò Msimbazi á kún, àdúgbò tí kò ní pláànù ló ń jìyà jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn ará àdúgbò jọ rìn láti ọ̀nà dé ọ̀nà, wọ́n fi ilé, òpópónà àti gọ́tà sórí OpenStreetMap. Wọ́n tún bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ léèrè ibi tí omi ti dé rí, ìdáhùn wọn sì wọ inú máàpù.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni gọ́tà. Lórí bébà, gọ́tà kan á bẹ̀rẹ̀ ní ibì kan, á sì dé odò. Ìgbà tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ lé e ni wọ́n máa ń rí i pé ó kú sí àárín ọ̀nà, tàbí ó tú omi sẹ́yìnkùlé ẹnìkan. Sátẹ́láìtì kankan ò lè sọ ìyẹn fún yín.

Akọ̀wéÀdúgbò

Ẹ gbà mí níyànjú lórí bí a ṣe máa ṣe é gan-an. A ò lówó drone. Fóònù ló wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa, dátà sì wọ́n.

Sọ̀fíyọ̀_Ifẹ̀

Kò gba drone. Ẹ tẹ fọ́tò sátẹ́láìtì àdúgbò yín sórí bébà ńlá ní ilé ìtẹ̀wé. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí àwọn àgbà fi bírò tọ́ka sí ibi tí omi ti ń wọlé, ibi tó ń dé, ọdún tó dé ibẹ̀. Ẹ má lo mítà láti béèrè ìjìnlẹ̀, ẹ béèrè kókósẹ̀, orúnkún, ìbàdí, àyà. Gbogbo èèyàn mọ ìyẹn, a ó yí i sí nọ́ńbà lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ jáde. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ KoboToolbox, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó kọ ìbéèrè yín sí i lédè Yorùbá, fóònù á gbà á sílẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò fi í ránṣẹ́ nígbà tó bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀dọ́ kan àti àgbà kan ni kí wọ́n jọ máa rìn: ọ̀dọ́ mọ fóònù, àgbà mọ ilẹ̀, wọn kì í sì í ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbà. Fóònù lè ṣì ibi tí ẹ dúró sí ní mítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ilé tó há, nítorí náà ẹ dúró díẹ̀ níta gbangba kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gọ́tà àti ojú afárá kékeré, ẹ tẹ̀ lé wọn dé ibi tí wọ́n parí sí, ẹ kọ èyí tó dí.

Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ sínú QGIS, ètò GIS kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Màá bá yín ṣe apá yẹn, mi ò gba owó. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, sọ̀fíyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ló gbọ́dọ̀ wọn ilé tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. Máàpù àdúgbò yín kò rọ́pò ìyẹn, ṣùgbọ́n òun ló máa sọ ilé tó yẹ kí a wọ̀n.

Ètò_Ìlú_Fẹ̀yìntì

Kí ẹ sì fi ibi tí òótọ́ ti burú yín hàn. Bí ilé alága bá wà lójú omi, kó wà lórí máàpù. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e dé ọ́fíìsì, ibi àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa wò ni bóyá ẹ fi ara yín bò. Bó bá rí i pé ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀, yóò gba ìyókù gbọ́.

Ìyá_Ọlọ́jà_Bẹẹrẹ

Bí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ má gbé e kọ́ sí pálọ̀ alága. Ẹ gbé e sí ibi tí gbogbo ayé ń kọjá, lẹ́nu ọjà tàbí ibi tí a ti ń fa omi, kí ẹ fi bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé wọ́n ṣi ilé òun kọ, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Kí ẹ sì yan ọ̀dọ́bìnrin kan tí yóò máa ka á fún ẹni tí kò mọ̀wé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ tí ẹ máa ń fi ìpàdé sí, orí igbá la máa ń wà.

Akọ̀wéÀdúgbò

Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa fi í sí, ẹnu ọjà náà la ó sì ti tẹ́ bébà. Sọ̀fíyọ̀, màá kàn sí yín níkọ̀kọ̀. Lọ́yà, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà náà.

Ọmọ_Mákòókó

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì ti yan ẹni tí yóò máa tún un ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ilé orí òpó máa ń pọ̀ sí i, òmíràn máa ń kúrò. Ohun tí wọ́n yà ní 2019 kò bá ibi tí àǹtí mi ń gbé báyìí mu mọ́. Bí wọ́n bá gbẹ́ gọ́tà tuntun lọ́dọ̀ yín lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, kó wọ inú máàpù kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.